ÀWỌN TÍ KÌ Í ṢE ÀLÙFÁÀ TÍ WỌ́N GBÉ ÌJỌ RÓ: LÁTI ABẸ́ÒKÚTA DÉ ATLANTA

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn. Èmi kì í ṣe òpìtàn. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe. Mo kàwé gboyè àkọ́kọ́ nílé, mo wá gba oyè kejì ní òkè òkun níbí, ìwé owó ni mo sì máa ń yẹ̀ wò láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo wọ ẹ̀kọ́ láti di lay reader nínú ìjọ Áńgílíkà, mo sì parí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa nínú gbọ̀ngàn yìí ni ó jẹ́ Kristẹni. Àwọn Mùsùlùmí wà láàrin wa, àwọn tí ń bọ òrìṣà ilé bàbá wọn náà wà. Ẹ fọkàn balẹ̀, n kò wá wàásù. Ìtàn Yorùbá ni mo fẹ́ sọ, nítorí àwọn ènìyàn tí mo fẹ́ dárúkọ wọn wà lára àwọn tó jẹ́ kí èdè wa di èdè tí a lè tẹ̀ sínú ìwé bí irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

TA NI À Ń PÈ NÍ LAY READER?

Nínú ìjọ Áńgílíkà, àlùfáà nìkan ló lè ya búrẹ́dì àti wáìnì sí mímọ́. Òun ló ń kéde ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, tí ó sì ń súre fún ìjọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn pọ̀ tí ọmọ ìjọ lásán lè ṣe bí ó bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí bíṣọ́ọ̀bù sì ti fún un ní ìwé-àṣẹ. Ó lè darí àdúrà òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, ó lè ka Bíbélì sí etígbọ̀ọ́ ìjọ, ó lè wàásù bí wọ́n bá fún un láàyè, ó lè kọ́ ọmọdé, ó sì lè bẹ aláìsàn wò. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni lay reader. Kì í gba owó oṣù. Nílé, ẹ ó rí i pẹ̀lú aṣọ funfun lórí aṣọ dúdú, àti ìborùn aláwọ̀ aró lọ́rùn rẹ̀.

Kátíkíìsì dà bí ẹ̀gbọ́n fún un. Òun náà kì í ṣe àlùfáà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọ ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Láyé àwọn bàbá ńlá wa, kátíkíìsì ló ń bá àwọn ará abúlé gbé. Òun ni tíṣà, òun ni ó ń darí àdúrà, òun náà ni akọ̀wé tí gbogbo ìlú ń gbé lẹ́tà tọ̀ lọ. Àlùfáà lè má dé abúlé náà fún oṣù mẹ́ta. Kátíkíìsì kò lọ ibì kankan.

Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti jẹ́ kí irú iṣẹ́ yìí rọlẹ̀ tipẹ́, ọdún 1866 ni wọ́n tó gbé e dìde padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún náà sọ́kàn. Nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ń jókòó ìpàdé lórí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ará wa ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Yorùbá fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ WỌ ABẸ́ÒKÚTA

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ogun àti òwò ẹrú tú ilẹ̀ wa ká. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń kó lọ, wọ́n sì kó wọn dé Freetown ní Sierra Leone. Àwọn yìí ni a wá ń pè ní Sàró. Níbẹ̀ ni Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú ti pàdé, tí wọ́n rí i pé èdè kan náà ni àwọn ń sọ. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wọn jọ tiwa? Àwa náà, ọmọ ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wá. Ilẹ̀ àjèjì ni a ti wá di ẹgbẹ́ kan.

Ọ̀kan nínú àwọn Sàró náà ni Andrew Desalu Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá. Nígbà tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS fẹ́ mọ bí Abẹ́òkúta ti rí, Henry Townsend ni wọ́n rán, Wilhelm sì bá a lọ. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní Oṣù Kejìlá ọdún 1842, wọ́n sì wọ Abẹ́òkúta ní Oṣù Kínní ọdún 1843. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nìyí: kò sí ẹni tó jẹ́ àlùfáà nínú àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà. Townsend ṣì jẹ́ tíṣà, ọdún 1844 ni wọ́n tó yàn án sí iṣẹ́ àlùfáà. Wilhelm kò di àlùfáà rárá. Iṣẹ́ kátíkíìsì ló ṣe láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó gbọ́ èdè, ó mọ ẹbí, ó mọ ẹni tí wọ́n ń kí kí wọ́n tó kí ẹlòmíràn. Townsend kò lè rí èyí kà nínú ìwé kankan.

TÍṢÀ TÓ DI BÍṢỌ́Ọ̀BÙ

Gbogbo wa la mọ Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn. Wọ́n mú un lẹ́rú ní 1821, wọ́n gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827. Wọ́n yàn án ní àlùfáà ní 1843. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ bí mo ti ń ṣírò níbi iṣẹ́. Láti 1827 sí 1843, ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọmọ ìjọ lásán ni Àjàyí. Ó ń kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́, ó ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀, ó bá wọn rin ìrìn-àjò odò Ọya ní 1841. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe jáde ní 1843, ọdún kan náà tí ó gba oyè. Nítorí náà, kó tó wọ aṣọ àlùfáà ló ti ṣe iṣẹ́ tó mú un gbajúmọ̀. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní 1884, orí ìpìlẹ̀ tí ó fi lélẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ tíṣà ni wọ́n kọ́ ọ lé.

NÍGBÀ TÍ ÀWỌN ÒYÌNBÓ LỌ

Òwe wa sọ pé, ẹni tó bá ní orí rere tí kò ní ìwà, ìwà rẹ̀ ni yóò ba orí rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ẹlẹ́wà tí kò ní òpó: ọjọ́ tí atẹ́gùn bá fẹ́ la ó mọ̀.

Atẹ́gùn fẹ́ ní Abẹ́òkúta ní 1867. Ìjà wà láàrin àwọn Ẹ̀gbá àti ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Inú bí ìlú, wọ́n ya lu àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé míṣọ́nnárì, wọ́n sì lé àwọn Òyìnbó jáde. Ìfọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pe ọdún náà títí dòní. Ọ̀pọ̀ Kristẹni sá lọ sí Ebute Metta, ibẹ̀ ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ọ̀pọ̀ Òyìnbó rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Kò parí, nítorí àwọn ọmọ onílẹ̀, àlùfáà díẹ̀ pẹ̀lú kátíkíìsì àti tíṣà, ni wọ́n di ìjọ mú.

Ti Ìbàdàn tún yà mí lẹ́nu ju bẹ́ẹ̀ lọ. David Hinderer, ará Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ dó sí Kúdẹtì ní 1853. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà dí pátápátá, kò sí owó, kò sí lẹ́tà. Wọ́n ń ta ẹrù ilé kí wọ́n lè rí oúnjẹ fún àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ní 1869, àìsàn àti àárẹ̀ mú kí àwọn méjèèjì fi Ìbàdàn sílẹ̀. Ta ni wọ́n fi ìjọ lé lọ́wọ́? Daniel Olúbí ni. Inú ilé òrìṣà ni wọ́n bí i sí ní Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ Hinderer ló ti kọ́ ìwé, kátíkíìsì ló sì jẹ́. Ọdún 1871 ni wọ́n tó fi í jẹ díákónì. Nínú ìlú tí gbogbo Balógun ń múra ogun, ọkùnrin tí kò tíì gba oyè kankan ló di ìjọ mú. Ìjọ náà kò sì kú.

KÁTÍKÍÌSÌ TÓ KỌ ÌTÀN WA

Ẹni kẹta tí mo fẹ́ dárúkọ ni Samuel Johnson. Sierra Leone ni wọ́n bí i sí ní 1846. Ó bá bàbá rẹ̀ wá sí Ìbàdàn nígbà tí bàbá náà wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Hinderer. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta láti 1862, ó padà sí Ìbàdàn bíi tíṣà ní 1866, ó sì di kátíkíìsì ní 1875. Ọdún 1880 ni ó tó di díákónì.

Ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Nígbà tí àwọn ológun méjèèjì fẹ́ jáwọ́ tí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é, Johnson àti Charles Phillips wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó kan sí èkejì, títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886. Ẹ rò ó wò: kí ènìyàn máa rìn láàrin àwọn ọmọ ogun méjì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Johnson gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ àti àwọn àgbà ìlú, ó sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, ó sì jáde ní 1921. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti gbọ́ ìtàn Ọ̀rányàn tàbí ti Aláàfin kan rí nínú ìwé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ Johnson ni ó ti wá.

Òun nìkan kọ́ ló ń kọ̀wé. Ẹgbẹ́ CMS ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn, àti kátíkíìsì, máa kọ ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́. Èmi oníṣirò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ìwé ìjíhìn ni. Àwọn ìwé náà wà ní Yunifásítì Birmingham lónìí, àwọn òpìtàn sì ń kà wọ́n láti mọ bí ọjà ṣe rí, bí ogun ṣe rí, àti ohun tí babaláwo kan sọ fún kátíkíìsì lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní ọjọ́ kan báyìí.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ irú àwọn wọ̀nyí wá di Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ní 1896. Tíṣà àti kátíkíìsì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. D. O. Fágúnwà, tó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, ibẹ̀ ló ti kàwé.

KÍ A SỌ ÒTÍTỌ́

Òótọ́ kì í sìnmí, kò sì yẹ kí a fi ìyìn bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn kan nínú wọn pe ohun tí bàbá wọn ń ṣe ní iṣẹ́ òkùnkùn, wọ́n sì jó ère tí à bá máa wò lónìí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló pín sí méjì nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàrin wọn kan náà ni a ti rí E. M. Líjàdù, ajíhìnrere ní Oǹdó, tí ó jókòó ti àwọn babaláwo, tí ó sì kọ ìwé lórí Ifá àti Ọ̀rúnmìlà ní èdè Yorùbá. Wọn kì í ṣe áńgẹ́lì. Ènìyàn tó dúró láàrin ayé méjì ni wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ wa, tí ẹ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé tí ẹ sì ń dọ̀bálẹ̀ ní ilé, ibẹ̀ náà ni ẹ wà.

TI ILẸ̀ AMẸ́RÍKÀ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Absalom Jones, ẹrú ni wọ́n bí i ní Delaware ní 1746. Ó fi owó tí ó ń rí níbi iṣẹ́ alẹ́ ra òmìnira ìyàwó rẹ̀ kí ó tó ra tirẹ̀, ní 1784 ni òmìnira tirẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Nígbà tí ibà pọ́njú kọlu Philadelphia ní 1793, òun àti Richard Allen kó àwọn aláwọ̀ dúdú jọ láti tọ́jú aláìsàn àti láti sin òkú. Ní 1794, nígbà tí ìjọ St. Thomas tí ó ń darí fẹ́ wọ inú ìjọ Episcopal, tí í ṣe Áńgílíkà ti ilẹ̀ yìí, wọ́n gbé àdéhùn kalẹ̀. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n fún Absalom Jones ní ìwé-àṣẹ lay reader. Wọ́n gbà. Ní 1795 ó di díákónì, lẹ́yìn náà ó di àlùfáà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí wọn kò jẹ́ kí ìjọ rẹ̀ rán aṣojú lọ sí ìpàdé àwọn ìjọ yòókù. Ní Atlanta níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aláwọ̀ dúdú, ilé-ìsìn kan wà tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó.

ÀWA NÁÀ Ń KỌ́?

Ẹ̀kọ́ tèmi gba ọdún méjì. Ọjọ́ Sátidé ni, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. A kọ́ nípa Bíbélì, ìtàn ìjọ, ètò Ìwé Àdúrà, bí a ṣe ń múra ìwàásù, bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, àti bí a ṣe ń dáàbò bo ọmọdé. Wọ́n wádìí ìwà wa, wọ́n mú wa wàásù níwájú àwọn olùkọ́, kí ìwé-àṣẹ tó dé. Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló ni wọ́n ń san?" Mo ní kọ́bọ̀ kò sí. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin oníṣirò ló ṣe irú ìṣirò yìí?"

Ẹ gbọ́ èrè tí mo rí níbẹ̀. Ìyá àgbà kan wà nínú wa tí àìsàn ọjọ́ ogbó ti mú ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò ní orí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí ó sọ fún ogójì ọdún ti lọ. Àlùfáà wa, ọmọ Amẹ́ríkà, lọ gbàdúrà fún un ní ọsibítù, ó sì ṣe é tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n màmá kò dáhùn. Wọ́n pè mí. Mo bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa ní Yorùbá. Màmá gbà á lẹ́nu mi, ó sì kà á dé òpin, ó tún fi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ súre, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oríkì rẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fà mí láṣọ, ó ní, "Àńkù, kí ni Grandma sọ nípa mi?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè túmọ̀ oríkì kó pé. Ìyá rẹ̀ àgbà súre fún un ní ojúkojú, àjèjì ló sì ní láti bá a gbé ìre náà dé etí rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù nìyí. Nínú ìjọ tí mo ń lọ, àwa tí a lè dìde ka Bíbélì Yorùbá láìkọsẹ̀ kò pé mẹ́wàá, ẹni tó kéré jù nínú wa sì ti lé ní ogójì ọdún. Mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi Mùsùlùmí pé bẹ́ẹ̀ náà ni wàásì ní èdè Yorùbá ṣe rí lọ́dọ̀ wọn. Bí a kò bá ní Olúbí tiwa, ta ni a ó fi ilé lé lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí Hinderer bá lọ?

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ti pé ọdún méjìlá ka ojú-ewé kan ní Yorùbá sí yín létí lọ́sẹ̀, Bíbélì ni o, ìtàn Ìjàpá ni o, lẹ́tà ìyá àgbà ni o. Bí ó bá kọsẹ̀, ẹ má ṣe fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ẹ̀rín wa ti pa lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ kọ oríkì ilé yín sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì fi orúkọ àti ọdún sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn kátíkíìsì ti ṣe. Ẹ̀yin aláṣẹ ẹgbẹ́, ẹ fún wa ní yàrá kan àti wákàtí méjì ní ọjọ́ Sátidé. Èmi yóò kọ́ni láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, kò pọn dandan kí ẹ di àlùfáà tàbí lay reader. Ẹ lè jẹ́ dókítà, ẹ lè jẹ́ ẹnjiníà, ẹ tilẹ̀ lè jẹ́ oníṣirò owó. Wilhelm, Olúbí àti Johnson kò dúró de oyè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́, wọ́n sì dìde nígbà tí ààyè ṣófo. Ọmọ tó bá sì ka ìwé yìí dé ibi tí mo dé yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́, kó wá bá mi nídìí tábìlì ìwé. Ẹ̀bùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

 Ilé àwọn bàbá wa kò ní dahoro. Àṣẹ.